Thor, Ṣàngó àti Ẹni Tó Ni Àrá: Lámèyítọ́ Fíìmù Kan

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí fíìmù Thor, tí Kenneth Branagh darí, ti jáde ní 2011, síbẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa. Láti ilé sinimá Yaba títí dé orí fóònù àwọn ọmọ Mushin àti Surulere, wọ́n mọ òòlù rẹ̀ bí ẹni mowó. Ọ̀rọ̀ méjì la sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní eré lásán ni, kí a jẹ́ kí ọmọdé ṣeré. Àwọn mìíràn ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, kí a dáná sun ún. Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ti dájọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí fíìmù náà ń sọ.

Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn ará àríwá Yúróòpù, Thor ni òrìṣà àrá, ọmọ Odin. Fíìmù yìí sọ ọ́ di ọmọ ọba láti Asgard, ayé mìíràn tó jìnnà sí tiwa. Bàbá rẹ̀ lé e wá sí ayé nítorí ìgbéraga, ibẹ̀ ló sì ti pàdé Jane Foster, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣèwádìí nípa àwọn ohun ojú ọ̀run. Àwọn àgbà Norse ní orí afárá òṣùmàrè ni àwọn òrìṣà ń gbà. Fíìmù náà so afárá yẹn mọ́ afárá Einstein àti Rosen, èyí tí àwọn onímọ̀ físíìsì méjèèjì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1935. Thor wá ṣàlàyé fún Jane pé ohun tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ń pè ní idán ni Jane ń pè ní sáyẹ́ǹsì, àti pé ní ilẹ̀ tòun, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ fíìmù náà.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ sáyẹ́ǹsì náà wò. Iṣẹ́ Einstein àti Rosen kì í ṣe àlọ́, ìṣirò gidi ni. Ṣùgbọ́n ní 1962, Robert Fuller àti John Wheeler fi hàn pé irú afárá bẹ́ẹ̀ yóò ti pa dé kí ìmọ́lẹ̀ pàápàá tó ráyè kọjá. Ọdún 1962 yìí kan náà ni Thor kọ́kọ́ hàn nínú ìwé àwòrán Marvel. Nítorí náà, sáyẹ́ǹsì inú fíìmù yìí kò ṣàlàyé ohunkóhun. Aṣọ ni wọ́n fi wọ òrìṣà, kí ó lè wọlé láìsí ẹni tí yóò bi í pé níbo ló ti ń bọ̀.

Kì í ṣe Marvel ló kọ́kọ́ bọ́ adé òrìṣà. Snorri Sturluson, Kristẹni ará Iceland tó kọ àwọn ìtàn wọ̀nyí sílẹ̀ ní nǹkan bí 1220, sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé ènìyàn ni wọ́n, láti ìlú Troy, tí aráyé wá sọ di ọlọ́run. Nílẹ̀ tiwa, Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ka Ṣàngó mọ́ àwọn ọba Ọ̀yọ́. Àwọn méjèèjì sọ òrìṣà di ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n fi Ẹlẹ́dàá sílẹ̀ lókè gbogbo wọn. Fíìmù yìí mú òrìṣà kúrò, kò sì fi ẹnikẹ́ni sípò. Agbára nìkan ló kù, àti ẹni tó mọ bí a ṣe ń lò ó.

Ní 1997, Obafemi Lasode gbé fíìmù Ṣàngó jáde, Wálé Ògúnyẹmí ló kọ ọ́. Ẹni tí kò ní jẹ́ kí fíìmù yẹn wọ ilé rẹ̀ lè máa ra ẹ̀wù tó ní àwòrán òòlù Thor fún ọmọ. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òòlù àti oṣé, nígbà tó jẹ́ pé àrá ni àwọn méjèèjì dúró fún? Òwe 20 kìlọ̀ fún wa nípa òṣùwọ̀n méjì. Ohun tí ọmọ yóò kọ́ níbẹ̀ ni pé ti òyìnbó ni ìmọ̀, tiwa ni èṣù. Ìyẹn kì í ṣe ìhìnrere rárá.

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 14 fi ọ̀nà tó dára jù hàn wá. Àwọn ará Lísírà fi orúkọ Zeus pe Bánábà. Òrìṣà àrá sì ni Zeus náà. Pọ́ọ̀lù kò bú wọn, kò sì gba oyè náà. Ó ní ènìyàn bíi tiwọn ni àwọn, ó sì dá òjò àti ìgbà ìkórè padà fún Ọlọ́run alààyè tó dá ọ̀run òun ayé. Mímọ̀ tí a mọ̀ pé iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ni mànàmáná kò gba àrá lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọwọ́ òrìṣà ló ti gbà á.

A kò ní fi ẹ̀tọ́ fíìmù náà dù ú. Nígbà tí Thor, láìní agbára kankan mọ́, fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ikú nítorí àwọn ará ìlú kékeré kan, ọ̀pọ̀ Kristẹni ti rí àpẹẹrẹ Olúwa wa níbẹ̀. Àpẹẹrẹ náà wà, ṣùgbọ́n ó yí padà níbi tó ṣe kókó. Òfin òòlù náà ni pé ẹni tó bá yẹ nìkan ló lè gbé e. Thor kú kí ó tó yẹ, agbára rẹ̀ sì padà gẹ́gẹ́ bí èrè. Nínú Fílípì 2, Ẹni tó yẹ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ló rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Nínú Róòmù 5, àwa tí kò yẹ ló kú fún. Ẹ̀san ni tibẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ ni tiwa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan pẹpẹ náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ni pé iye wákàtí báyìí, gbólóhùn báyìí àti òróró báyìí ló ń mú ìyanu jáde dandan, ẹ̀kọ́ Asgard ni wọ́n ń kọ́ni: agbára tí a ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kò ní rí ohun àjèjì kankan nínú Thor.

Nítorí náà, kí olùkọ́ àwọn ọ̀dọ́ wo fíìmù náà pẹ̀lú wọn, kí ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló ni àrá? Ta ló yẹ? Bí gbogbo agbára bá jẹ́ ohun tí a lè kọ́ lò, ta ni à ń gbàdúrà sí?