Àwòrán Tí Kò Ní Àlàyé

Ìlú méje ni àwọn àgbà máa ń kà ní ilẹ̀ Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn. Ṣùgbọ́n bí àjèjì bá fẹ́ fi àwòrán nìkan mọ ilẹ̀ wa, oríṣi méjì ni yóò tètè bá pàdé. Èkíní ni ti ìbejì Igbó-Ọrà, tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n dúró ṣinṣin níwájú kámẹ́rà. Èkejì ni ti oṣù Òkúdù ọdún 2021, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu Ìgàngàn, tí ìwé ìròyìn sì gbé àwòrán ohun tó jóná jáde. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. Síbẹ̀, ohun ìyanu àti ohun ìbànújẹ́ nìkan kọ́ ni ìgbé ayé ìlú kan. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni irú àwòrán tí wọ́n ń yà nípa wa, àti ìdí tí ó fi yẹ kí àwa náà máa ya tiwa, kí a sì gbé e síbi tí gbogbo ayé yóò ti lè rí i, kí wọ́n sì lò ó. Èrò mi ni pé ẹwà kọ́ ni àwòrán wa ṣaláìní. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò sí.

Kò yani lẹ́nu pé ìbejì ni àwọn ayàwòrán ń wá. Ìwádìí tí Dókítà Nylander ṣe ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn fi hàn pé ní apá ibí yìí, nínú 1000 ìbímọ, bí 45 sí 50 ni ó jẹ́ ti ìbejì. Ti gbogbo ayé lápapọ̀ lónìí kò ju bí 12 lọ. Àwọn ará ìlú ń sọ pé ọbẹ̀ ilasa àti àmàlà ló fà á, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kò sì tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní ọdún 2018 wọ́n ṣe àjọ̀dún ńlá fún ìbejì ní Igbó-Ọrà, òkìkí ìlú náà sì tún kàn sí i.

Ọ̀kan pàtàkì nínú iṣẹ́ tí àwọn àlejò ṣe ni èyí tí wọ́n pè ní Land of Ibeji. Bénédicte Kurzen, ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti Sanne De Wilde, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni wọ́n jọ yà á, ní Igbó-Ọrà àti ní àwọn ibòmíràn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2019 ó gba ipò kìíní nínú ìdíje World Press Photo, ní ẹ̀ka tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwòrán ènìyàn tó ń sọ ìtàn. Wọ́n fi iná aláwọ̀ kun àwòrán, wọ́n sì ya òmíràn lé ara wọn, kí ó lè hàn pé ẹni méjì tó dà bí ẹnì kan ni ìbejì.

Mo gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. N kò sì kà á sí àbùkù pé àlejò ló ṣe é, nítorí àlejò lè rí ohun tí onílé ti rí títí tí kò tún kà á sí mọ́. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni pé àwọ̀ náà sọ ìbejì di àdììtú. Lọ́dọ̀ wa, ìbejì kì í ṣe àdììtú. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ẹni ní kíláàsì ni, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ẹni lánàá ni, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ta gàrí lọ́jà ni. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ méjì tì í lẹ́yìn. Bí àjèjì bá kọ sábẹ́ àwòrán pé Táíwò ni ẹ̀gbọ́n nítorí pé òun ni a kọ́kọ́ bí, yóò rò pé òun jàre. Ọmọ Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín, nítorí Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Ìkejì: ẹni méjì péré ni kámẹ́rà máa ń wá nínú ilé ìbejì. Ṣùgbọ́n Ìdòwú wà ńbẹ̀, Àlàbá wà ńbẹ̀. Lójú wa, ọ̀rọ̀ ìbejì kò parí láìsí àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Ta ni ó ti ya Ìdòwú rí nítorí pé ó jẹ́ Ìdòwú?

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ohun tí fọ́tò lè ṣe. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, kọ nípa àwọn fọtógíráfà Yorùbá nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts, lẹ́yìn ìwádìí tí ó ṣe ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, fọtógíráfà yóò ya èyí tó kù, yóò sì tẹ àwòrán ọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí ó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni, èyí tó kù yóò wọ aṣọ ọkùnrin, wọn yóò yà á. Yóò wọ aṣọ obìnrin, wọn yóò tún yà á. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń bá ìdílé ṣe. Ẹ wá rò ó wò. Àjèjì tó bá rí àwòrán náà yóò ka ọmọ méjì. Ìyá tó gbé e kọ́ sára ògiri mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ló jókòó níwájú kámẹ́rà. Ojú kọ́ ni a fi ń mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí ẹni tó mọ̀ bá kú láìkọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ tó lọ náà tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

J. D. 'Okhai Ojeikere mọ èyí dáadáa. Ọmọ Ẹdó ni, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1954. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, títí àwòrán náà fi tó bí 1000. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń yà, ó sì ń kọ orúkọ irun náà sílẹ̀. Ọ̀kan tí ó yà ní ọdún 1975 ń jẹ́ Onílé-Gogoro tàbí Àkàbà. Ká ní kò kọ orúkọ, à bá máa wo orí ènìyàn lásán. Orúkọ ni ó sọ ọ́ di ìwé ìmọ̀.

Níbo wá ni kí àwa gbé tiwa sí? Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé e sórí WhatsApp, níbi tí ó ti ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, tàbí sórí Facebook, níbi tí ti òní yóò ti bo ti àná mọ́lẹ̀. Wikimedia Commons yàtọ̀. Ọdún 2004 ni wọ́n dá ìkànnì yìí sílẹ̀, àwòrán, ohùn àti fídíò tó wà níbẹ̀ sì ti lé ní 100 mílíọ̀nù. Ibẹ̀ ni Wikipedia ti ń mú àwòrán, títí kan Wikipedia èdè Yorùbá. Láti ọdún 2014 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje Wiki Loves Africa, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà fi ń gbé àwòrán tiwọn síbẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́.

Òfin rẹ̀ kò ṣòro. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ yà ni kí o gbé síbẹ̀. O kò gbọ́dọ̀ jí ti ẹlòmíràn. Ìwọ ni o ni iṣẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n o ti fún gbogbo ayé láṣẹ láti lò ó, bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ. Nítorí náà, olùkọ́ ní Lánlátẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Land of Ibeji, nítorí àwọn tó yà á ló ni ín.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé àyè àlàyé wà níbẹ̀, a sì lè fi Yorùbá kọ ọ́. Bí mo bá ya àpáta kan ní Èrúwà, tí mo kọ “Oúnjẹ lórí àpáta”, mo ti fi iṣẹ́ ṣòfò. Bí mo bá kọ “Láfún tí a sá sórí àpáta ní Èrúwà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀: ẹ̀gẹ́ tí a bó, tí a rẹ sómi títí ó fi rọ̀, tí a ó lọ̀ fún àmàlà nígbà tí ó bá gbẹ”, ọmọ ilẹ̀ Brasil tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ ní tiwọn yóò lóye. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ omi kan ní Ìdèrè. Irin lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀ pé sòbìà fìyà jẹ ìlú náà gan-an nígbà kan, pé omi adágún ni àwọn ènìyàn ń mu kó o, àti pé ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé tó kéde pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Fọ́tò kan náà ni. Àlàyé ló yàtọ̀.

Síbẹ̀, n kò ní yin ibẹ̀ láìsọ àléébù rẹ̀. Ẹni tó gba àwòrán rẹ níbẹ̀ lè tà á, kò sì ní fún ọ ní kọ́bọ̀. Fún ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó mú èyí tí kò wà fún títà síbẹ̀, kí ó sì fi ti oníbàárà sílẹ̀ fún oníbàárà. Àléébù tó tóbi jù ni pé àṣẹ tí o bá ti fún ayé kò ṣe é gbà padà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè sọ bóyá òun fẹ́ kí ojú òun wà níbẹ̀ títí ayé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ọmọdé náà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kì í ṣe àlejò nìkan ni kí ẹ bi léèrè ohun tí ó fẹ́ fi àwòrán ìbejì yín ṣe. Ẹ bi àwa náà. Ẹ jẹ́ kí a tọrọ àyè kí a tó yà, kí a tún tọrọ kí a tó gbé e síta. Bí ẹ bá sì kọ̀, a ní láti gbà.

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwòrán. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ya ohun kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó bi àgbà kan léèrè nípa rẹ̀, kí ó sì fi Yorùbá kọ ìlà márùn-ún sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá dára, kí a gbé e síta ní orúkọ ẹni tó yà á. Àwọn àlejò yóò ṣì máa wá sí Igbó-Ọrà nítorí ìbejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kọ sábẹ́ àwòrán wọn, ó yẹ kí wọ́n ti bá tiwa nílẹ̀.