Àjàṣẹ́: Ògiri Nìkan Kọ́ Ni Ìlú

Àwa Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Gùn ń pè é ní Hogbonu, àwọn Potogí ló sì sọ ọ́ ní Porto-Novo. Ìlú tí ó ní orúkọ mẹ́ta kì í ṣe ìlú tí a lè fi ojú kan wò. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ń mú àlejò kiri, a ó mú wọn dé ààfin Honmè, a ó sọ ìtàn Ọba Toffa tí ó jọba láti 1874 títí di 1908, a ó mú wọn dé Mọ́ṣáláṣí Ńlá, wọn ó ya fọ́tò, wọn ó sì padà sí Kútọnu. Àwọn àgbà ní, àlejò lójú ńlá, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nígbà mìíràn, ẹ̀bi ẹni tí ó mú un kiri ni.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ mọ́ṣáláṣí náà wò. Àwọn Mùsùlùmí Àgùdà, ìran àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl tí wọ́n sì padà wálé, ni wọ́n kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Iwájú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, ọ̀ṣọ́ sì kún ara ògiri rẹ̀. A máa ń gbọ́ pé àfarawé ni. A kò gbà. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ní ìgbèkùn, tí ó wá fi iṣẹ́ náà kọ́ ilé àdúrà tirẹ̀, kò fara wé ẹnikẹ́ni; ó gba ohun tirẹ̀ padà ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ rí. Ìkòkò feijoada, ẹ̀wà tí a fi ẹran sè, wà nínú ilé Àgùdà títí di òní. Ní oṣù January, nígbà àjọ̀dún Bonfim, burian máa ń jáde jó nínú ìlú kan náà tí egúngún àti Zangbeto ti ń jó. Ẹja àti akàn ọ̀sà ń ti Aguégués wọ ọjà nínú ọkọ̀ ojú omi, amiwo ń pupa nínú ìkòkò, ẹ̀kọ wà nínú ewé, àkàrà ń dún nínú epo. Kí ló dé tí èyí kì í fi sí nínú ohun tí a ń fi han àlejò?

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu dídùn. Àwọn ilé Àgùdà tí a fi amọ̀ mọ ń wó. Bí ajogún bá pọ̀ tí ohùn wọn kò ṣọ̀kan, òrùlé á jò, ògiri á mu omi, ilé á sì dàwó. Ta ni yóò náwó sórí ògiri tí kò mọ ẹni tí ó ti jẹun nínú rẹ̀? Àpẹẹrẹ rere kò jìnnà: àwọn gbàgede Vodun tí ilé àṣà Ouadada tún ṣe kò di ibi ìwòran lásán, àwọn onílé ṣì ń bọ ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ mú àlejò kiri, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó ti ìyá tí ń sè, kí ó béèrè ibi tí oúnjẹ náà ti wá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá mú un dé iwájú mọ́ṣáláṣí. Ojú rẹ̀ yóò ti là.