Iná Kò Gbọdọ̀ Yára

Bí a bá kúrò ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀, tí a dorí kọ ọ̀nà Odígbó, ariwo ọkọ̀ Èkó sí Benin kò ní tíì tán létí tí òórùn ògùrọ̀ kíkan yóò ti gba imú ẹni. Ẹ̀yìnkùlé ni Màmá tí mo lọ bẹ̀ wò ti ń se ògógóró, nítòsí odò kékeré kan. Aago mẹ́fà ìdájí ni mo débẹ̀, iṣẹ́ sì ti ń lọ. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fòfin de ògógóró, òru ni ìyá tó bí i máa ń sè é nínú irà. Òfin yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, òun náà ò kúkú yí àkókò padà.

"Jókòó síbí, ọmọ mi. Ọ̀hún ni èéfín ń fẹ́ sí."

Dúrọ́ọ̀mù méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ògùrọ̀ tó ti lo ọjọ́ márùn-ún ló wà nínú ọ̀kan, ìfófòó orí rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Màmá ki ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ó ní adùn ti kú nínú rẹ̀. Ohun tó ń dúró dè nìyẹn. Adùn yẹn ló ń di ọtí. Bí ó bá ṣì ku díẹ̀, ọtí ò tíì pé, bí ó bá sì pẹ́ jù, gbogbo rẹ̀ á kan gógó.

Ó fi garawa bù ú, ó ń sẹ́ ẹ sínú dúrọ́ọ̀mù kejì tó wà lórí ààrò. Kò kún un. Ó fi àyè tó tó ìgbọ̀nwọ́ kan sílẹ̀ lókè, nítorí bí ìfófòó bá ru wọ páìpù, iṣẹ́ ọjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn. Páìpù bàbà náà ti ẹnu ìdérí jáde, ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ gba inú ọpọ́n gígùn tó kún fún omi tútù, ó sì yọ orí sí ẹnu kẹ́ẹ̀gì, níbi tí àrọ tí òwú wà nínú rẹ̀ ti ń dúró dè é.

Amọ̀ ló fi ń dí ẹnu ìdérí. Ó pò ó títí tó fi rọ̀ bí ẹ̀bà, ó lọ́ ọ bí okùn, ó wá ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yí ká, díẹ̀díẹ̀. Ó rọra tẹ orí wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ibì kan, ooru tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ ń yọ jáde. Ó tún tẹ ibẹ̀. Kò sí mọ́.

Igi mẹ́ta ló wà nínú iná. Bí dúrọ́ọ̀mù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó fa ọ̀kan yọ. Ọtí ń di ooru ní nǹkan bí 78°C, omi sì ń hó ní 100°C. Àárín méjèèjì ni gbogbo ọgbọ́n wà. Bí iná bá le jù, omi púpọ̀ á tẹ̀ lé ọtí wọ páìpù. Màmá ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ooru. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń kan páìpù, á sì tètè mú un kúrò.

Àkọ́jáde ń kán tó, tó, tó sínú agolo mílíìkì, òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú. Ó dà á sílẹ̀. Mo rò pé ó ń júbà ilẹ̀ ni, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ilẹ̀ ò lè kú ní tiẹ̀." Àwọn tó ń ṣe wísíkì ní Scotland, nínú ìkòkò bàbà tiwọn, náà kì í jẹ́ kí àkọ́jáde dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Wọn á tún fi ojúlówó sínú àgbá igi fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Ti Màmá, ọjà ọ̀la ló ń lọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2015, tí ọtí ìbílẹ̀ tó ní methanol olóró nínú pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, tí àwọn kan kọ́kọ́ ní òrìṣà ló ń bínú, àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í béèrè iye mọ́ kí wọ́n tó béèrè ẹni tó sè é.

Lẹ́yìn agolo yẹn, ọtí wá ń ṣàn, kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ, ó mọ́ gaara. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bu omi gbígbóná kúrò nínú ọpọ́n, ó ń pọn tútù láti odò. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ó gba díẹ̀ sínú ìgò, ó fi àtàǹpàkò dí i lẹ́nu, ó mì ín lẹ́ẹ̀kan péré. Ìfófòó kéékèèké to ara wọn yí ọrùn ìgò ká bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n sì dúró. Ó ń wò wọ́n láìmi ojú. Ní nǹkan bí wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ó tún gba díẹ̀ sínú ìgò, ó mì ín; wọ́n fọ́ kí ìgò tó dé ojú rẹ̀. Ó sún kẹ́ẹ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé garawa síbẹ̀. Ọtí tó ń jáde báyìí ti fúyẹ́, inú dúrọ́ọ̀mù ọ̀la ló máa padà sí. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ò tíì kún dé ọrùn.

Ó fa igi méjì tó kù jáde, ó tì wọ́n bọ inú iyanrìn.