Ta Ni Ó Ni Ìlù? Orin, Gbèsè àti Àtijẹ Olórin

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé igi gbèsè ti dí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ olórin. Nígbà tí a bá ń ṣe àyẹ̀wò olórin, ohùn rẹ̀ ni a máa ń gbé yẹ̀wò, tàbí ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, tàbí bí ìlù rẹ̀ ti ń dún sí. A kì í sábà béèrè pé: ta ni ó ni ìlù náà? Ta ni ó ni ẹ̀rọ tí ó gbé ohùn náà jáde? Nígbà tí òde bá tú, tí a bá ti san owó ọkọ̀ àti owó epo, kí ni ó kù sí ọwọ́ ẹni tí ó kọrin? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n lónìí, nítorí ó dá wa lójú pé wọ́n lè sọ ohun tí ìyìn àti àtẹ́wọ́ kò lè sọ fún wa.

Láti Òsí dé Ìlọ́fà, láti Aráròmí-Ọ̀pìn dé Odò-Ọwá, àwọn ọ̀dọ́ tí Ọlọ́run fún ní ohùn kò kéré. Òmíràn ń kọ fújì, òmíràn ń kọ orin Ìsìláàmù níbi wòlímọ̀ àti ìsọmọlórúkọ. Bàbá á ní: "Orin kò ṣe é jẹ." Ọmọ á fèsì pé: "Ẹ wo àwọn olórin Èkó, ẹ wo ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn." Ìdajì òótọ́ ni bàbá sọ, ìdajì òótọ́ náà sì ni ọmọ sọ. Àwọn àlùfáà wa ní ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìlù àti fèrè, èrò wọn kò sì ṣọ̀kan. A kò ní dá sí i níbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbèsè kò ní àríyànjiyàn. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn bí Ànábì wa ti fà sẹ́yìn láti kírun sí òkú ẹni tí ó jẹ gbèsè lára, títí ọ̀kan nínú àwọn Sàhábà fi gba gbèsè náà sí ọrùn ara rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé fífi iṣẹ́ ọnà jẹun jẹ́ àjèjì ní agbègbè wa. Ní Òsí ni Aréògún, àgbà agbẹ́gilére tí ó kú ní 1954, ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí ẹni tí ó ń fi irinṣẹ́ rówó, tí ó sì ń ná an dáadáa. Ní Kájọlà, lẹ́bàá Odò-Ọwá, Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè gbẹ́ igi títí òkìkí rẹ̀ fi kọjá òkun. Ní 2022, Yale University ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé ní àwọn ọdún 1930, Bámigbóyè tún ṣe olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé-ìwé ìjọba ní Òmù-Àrán. Ó ń gbẹ́gi, ó sì ń gba owó iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ tún wo irinṣẹ́ agbẹ́gilére: àáké, ọ̀bẹ àti igi ni. Kò yá wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì háyà wọn ní òwúrọ̀ kí ó tó lè ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán.

Ti olórin ayé òde òní yàtọ̀. Irinṣẹ́ rẹ̀ wọ́n: gbohùngbohùn ńlá, maikirofóònù, dùùrù oníná, jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ tí yóò kó gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, kí ó tó la ẹnu rẹ̀, gbèsè ti jókòó dè é. Báwo ni àwọn tí ó ṣáájú ṣe gbà á kọjá?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo I. K. Dáíró, tí a bí ní Ọ̀fà, ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni. Ilé-ìwé kò jìnnà fún un nítorí àìrówó. Ó gẹrun, ó ṣe káfíńtà, ó ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà. Ní 1957 ni ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó pè ní Morning Star. Nígbà tí ó fi máa di 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka abẹ gẹrungẹrun àti ayùn káfíńtà wọ̀nyẹn sí ìyà tí ó jẹ kí ó tó là. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyẹn ni ó bọ́ orin rẹ̀ títí orin náà fi lè bọ́ ọ. Bí kò bá sí wọn ni, òun náà ìbá ti tọrọ owó lọ́wọ́ ẹni tí yóò di ọ̀gá lé orin rẹ̀ lórí.

Ti Hárúnà Ìṣọ̀lá, bàbá àpàlà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Mùsùlùmí bíi tiwa, tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní 1948 ni ó ṣe àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí ó fi yin Ọba Orímolúṣì. Àwo náà kò tà. Lẹ́yìn tí ọba náà wàjà, tí ó tún un ṣe ní 1955, ni orúkọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ẹ ṣírò ọdún tí ó wà láàrin 1948 sí 1955: ọdún méje gbáko! Ẹni tí ó bá fi owó èlé ṣe àwo àkọ́kọ́, ṣé èlé yóò dúró dè é fún ọdún méje? Sùúrù kì í ṣe ìwà rere nìkan nínú iṣẹ́ orin. Ó ní iye owó tirẹ̀, ẹni tí gbèsè bá sì ti mú lọ́fun kò lè ra sùúrù.

Ní 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I. K. Dáíró para pọ̀, Mùsùlùmí pẹ̀lú Kìrìsìtẹ́nì, onípàlà pẹ̀lú onijùjú, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ STAR sílẹ̀ láti máa gbé àwo orin jáde fúnra wọn. Ní 1979, Hárúnà tún kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ó kú. Bí a bá ní kí á dájọ́, àwa yóò sọ pé ìgbésẹ̀ 1969 yẹn tóbi ju ọ̀pọ̀ àwo tí àwọn méjèèjì ṣe lọ, nítorí pé òun ni ó dáhùn ìbéèrè wa: ta ni ó ni ìlù?

Kí ni ó mú kí ìbéèrè yìí le tó bẹ́ẹ̀? Ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwo jáde a máa fún olórin ní owó ìṣáájú. Inú olórin á dùn, á ra aṣọ, á ra ọkọ̀. Ṣùgbọ́n owó náà kì í ṣe ẹ̀bùn. Nínú ìpín tí ó kàn án lórí àwo ni wọn yóò ti yọ ọ́ padà, wọ́n sì lè yọ owó ìgbohùnsílẹ̀ mọ́ ọn. Àwo lè tà káàkiri ìlú kí ẹni tí ó kọ ọ́ má rí nǹkan gbà. Irú àdéhùn báyìí ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàrin Sunny Adé àti ilé-iṣẹ́ African Songs ní àárín àwọn ọdún 1970, kí ó tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kollington Àyìnlá, tí ìdílé rẹ̀ ti Ìlọ̀ta wá ní Kwara níbí, náà wọ iṣẹ́ ológun kí fújì tó di oúnjẹ rẹ̀, nígbà tí ó sì tó àkókò, òun náà dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sáré lọ yá owó ńlá kí ó lè di ọ̀gá ara rẹ̀ ní ọ̀sán kan òru kan. Ìtàn Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, wà níbẹ̀. Olórin ni kí ó tó di aláwàdà. Òun ni ó ni ẹgbẹ́ Federal Rhythm Dandies tí Sunny Adé ti kọ́ṣẹ́. Ní 1982, ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, tí Ọlá Balógun darí. Ẹ rántí ìtàn inú rẹ̀: oníṣòwò kan gba ẹlẹ́tàn gbọ́ pé owó yóò kún inú àgbá nípa oògùn, ó sì fi bẹ́ẹ̀ pàdánù gbogbo ohun tí ó ní títí ayé fi sú u. Fíìmù náà ń fi ojúkòkòrò ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ṣe é dáadáa. Síbẹ̀, ẹni tí ó ṣe é kó sínú gbèsè gidi. Owó tí ó yá ni ó fi ṣe é. Àwọn olè aṣẹ̀dà jí fíìmù náà, wọ́n dà á kọ sórí fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín nílé wọn, onígbèsè sì jókòó ti ẹni tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Níbí ni a ti fẹ́ bá fíìmù náà jiyàn díẹ̀. Ó kọ́ wa pé òmùgọ̀ àti olójúkòkòrò ni ó ń di òtòṣì. Bàbá Sàlá kì í ṣe òmùgọ̀, kò sì bá ẹlẹ́tàn kankan da owó pọ̀. Iṣẹ́ òtítọ́ ni ó ṣe. Ohun tí ó gbé e ṣubú ni pé gbogbo ẹyin rẹ̀ wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan, apẹ̀rẹ̀ náà sì jẹ́ ti ẹni tí ó yá a lówó. Èyí ni ẹ̀kọ́ tí fíìmù náà kò kọ́ wa, ṣùgbọ́n tí ayé ẹni tí ó ṣe é kọ́ wa: iṣẹ́ rere kò ní kí gbèsè má dé. A tún gbọ́dọ̀ yìn ín pé kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá náà. Ó ṣe fíìmù mìíràn títí kan Mosebọ́látán, ọjọ́ ogbó ni ó sì kú ní 2018.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé, kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣírò. Ká ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ láti Ìlọ́fà gba ₦200,000 fún òde kan. Wọ́n háyà gbohùngbohùn àti jẹnẹrétọ̀ ní ₦60,000. Ọkọ̀ gba ₦35,000, epo ₦15,000, oúnjẹ ₦14,000. Olórí ẹgbẹ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méje ní ₦8,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦56,000. Ó ku ₦20,000 fún òun fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti gba aṣọ ẹgbẹ́ ní àwìn ₦45,000 nítorí òde yẹn, ó ti fi ijó àti ayọ̀ gbé gbèsè ₦25,000 wálé. Kò sì sí ẹni tí ó jà á lólè. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìnáwó epo yẹn náà kò sì dúró lójú kan: láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, jálá bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ti kọjá ₦1,000 ní ibi púpọ̀ kí 2024 tó parí. Olórin tí kò bá kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ kò lè mọ ìgbà tí òde bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olóde, ọ̀rọ̀ kàn yín. A máa ń pe olórin láì bá a dá iye kan pàtó, nítorí a gbà pé yóò rí tirẹ̀ gbà nínú owó tí àwọn ènìyàn yóò lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Èyí ni ó sọ ọ̀pọ̀ wọn di ẹni tí ń wá orúkọ olówó kiri nínú orin. Ẹ sì rántí pé apá 21 nínú òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 ka níná náírà ní òde ijó sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sì wà fún un. Ní oṣù kẹrin 2024, ilé-ẹjọ́ kan ní Èkó fi irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ jẹ gbajúmọ̀ kan. Ẹ bá olórin dá iye owó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ san án kí ó tó kúrò lóde. Nínú Súrà Bàkárà, ẹsẹ 282, Ọlọ́run ti pàṣẹ pé kí á kọ gbèsè sílẹ̀, kí á sì fi ẹlẹ́rìí sí i. Ìtìjú kankan kò sí nínú ohun tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ pa láṣẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sá fún owó èlé, pàápàá èyí tí wọ́n ń yá lórí fóònù láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí ọjọ́ bá pé, àwọn olówó náà lè máa fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ dá àjọ láàrin ara yín. Bí ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin bá ń dá èsúsú, wọ́n lè ra gbohùngbohùn kan pa pọ̀, kí wọ́n máa lò ó ní ìdákúrekú. ₦60,000 inú ìṣirò wa lókè yẹn kò ní máa lọ sí àpò onílé ẹ̀rọ mọ́. Bí Hárúnà àti Dáíró ti ṣe ní 1969 náà nìyẹn, ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni ó kéré. Ẹ kọ́ iṣẹ́ kan mọ́ orin, kí ẹ má sì ka abẹ tàbí ayùn sí àbùkù.

Ìdájọ́ wa nìyí: olórin tí ó ní ohùn ṣùgbọ́n tí kò ní irinṣẹ́, alágbàṣe ni, bí ó ti wù kí agbádá rẹ̀ gbòòrò tó. Èyí tí ó ń kọrin díẹ̀díẹ̀, tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí ìwé ìṣirò rẹ̀ mọ́, tí ìlù sì jẹ́ tirẹ̀, òun ni ó lè dákẹ́ nígbà tí ó bá yẹ kí ó dákẹ́, tí ó sì lè sọ òótọ́ fún olówó. Kí Ọlọ́run gba àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ gbèsè tí ń ti ẹnu òtítọ́ pa. Àmín.