Plaid Cymru: Ohùn tó dé Brussels tí kò dé Ebbw Vale



Nítorí èdè Welsh gan-an ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ òṣèlú Plaid Cymru sílẹ̀ ní Wales lọ́dún 1925. Mo gba tiwọn pé wọn ò fi èdè náà há sí kọ̀rọ̀ ilé. Láti 1999 títí di 2020 ni Jill Evans fi ṣojú wọn nílé aṣòfin Yúróòpù, ó sì jà fún un níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan bá wọn rò. Ní 2016, wọ́n ní kí ará ilé má kúrò nínú Àjọ Yúróòpù. Gwynedd, níbi tí èdè Welsh ti gbilẹ̀, gbà. Blaenau Gwent, níbi tí Ebbw Vale wà, kọ̀ jálẹ̀: ìdá 62 nínú 100 ní àwọn ń lọ. Bẹ́ẹ̀ owó Yúróòpù ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o!

Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ Labour ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó bá ní gbogbo Wales ni òun ń ṣojú fún kò lè fi ìyẹn ṣàwáwí. Lójú tèmi, wọn ò rí èdè bá ẹni tí iléeṣẹ́ irin rẹ̀ ti kógbá sílé láti 2002 sọ̀rọ̀. Kì í ṣe Welsh tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń wí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti oúnjẹ òòjọ́ ni.

Àwa náà ńkọ́? Òfin 1999 fàyè gba Yorùbá nílé aṣòfin Àbújá. Bí a bá tilẹ̀ ń sọ ọ́ níbẹ̀ lọ́la, tí ìyá aláta ò gbọ́ ohun tó kàn án nínú rẹ̀, kí la ṣe?