‘Pa’ Àbí ‘De’? Àríwísí lórí Èdè Àlàyé Oògùn Imatinib

Kókó bébà yìí ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yẹ kí ó máa bá orúkọ imatinib rìn nínú èdè Yorùbá. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan tí ó máa ń rọra gbilẹ̀ ni oògùn náà wà fún. Ọdún 2001 ni wọ́n fọwọ́ sí lílò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2003, ètò tí wọ́n fi ń fún aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Aláìsàn tí ó bá ti Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn wá síbẹ̀ nílò àlàyé tí yóò bá a délé.

Gbólóhùn tí ó yá lẹ́nu jù ni pé oògùn náà ‘ń pa’ jẹjẹrẹ. Gbólóhùn yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ó lè ṣini lọ́nà. Ohun tí ó bá ti kú, kò sí ẹni tí í tún un pa. Aláìsàn tí ara rẹ̀ ti yá lè rò pé iṣẹ́ ti parí, kí ó sì pa oògùn tì.

Bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an yàtọ̀. Kinase kan tí ń jẹ́ BCR-ABL, tí kì í sinmi, ní ń gba fọ́sífétì lára ATP láti fi pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ sí i. Imatinib a lọ jókòó sí àyè ATP. Àṣẹ a sì dáwọ́ dúró. Ó dà bí ìgbà tí nǹkan há sí ojú ọ̀nà ọkọ̀ ìhunṣọ lórí òfì ní Ìṣẹ́yìn: òfì kò fọ́, òwú kò tán, ṣùgbọ́n aṣọ kò gùn sí i mọ́. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì àìsàn a máa kú nípa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ a máa ṣẹ́ kù.

Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún èyí. Ẹni tí ó de òjò nítorí ìnáwó kò pa òjò. Bí ó bá tú u, òjò yóò rọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘de’ mọ̀ pé ‘tú’ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. ‘Pa’ kò ní irú èkejì bẹ́ẹ̀. ‘Oògùn tí ń de jẹjẹrẹ’ ti sọ ìdí tí lílò rẹ̀ fi jẹ́ ti ojoojúmọ́.

Àtakò méjì ṣeé ṣe. Èkíní ni pé ‘de’ ń rùn bí ọfọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń de àgbò mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń de ọ̀daràn, láìpe ọfọ̀ kankan. Èkejì ni pé àwọn dókítà ti ń dá oògùn náà dúró fún àwọn aláìsàn kan lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Òótọ́ ni, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́ ni wọ́n fi ń ṣọ́ irú ìtúsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ara yá.

Nítorí náà, yíyan ọ̀rọ̀-ìṣe níhìn-ín kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà èdè. Ògbufọ̀ tí ó yan ‘pa’ ti sọ fún aláìsàn pé ogun ti parí nígbà tí ọ̀tá ṣì wà nínú ìdè.