Ìlù Ṣaworoidẹ Nínú Gbọ̀ngàn Wa ní Kàdúná

Àwa ọ̀dọ́ ni wọ́n ní kí a kọ ojú ewé yìí, wọ́n ní kí a kọ ohun tó bá wù wá. Ohun tó wù wá ni fíìmù, bọ́ọ̀lù àti ọ̀rọ̀ ìjọba. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ta bá yín díẹ̀, ẹ má bínú, ọmọ yín ni wá.

Ní ọjọ́ ọdún wa tó kọjá, a gbé Ṣaworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀ sí ojú tẹlifíṣàn nínú gbọ̀ngàn. Túndé Kèlání ló darí fíìmù méjèèjì, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn wọn. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 1999, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Èkejì tẹ̀ lé e ní 2002. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbà ti wò wọ́n títí ẹ fi lè sọ ọ̀rọ̀ inú wọn ṣáájú àwọn òṣèré. Ẹ mọ̀ pé Lápité fẹ́ jọba Jogbo, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gba gbẹ́rẹ́, kò sì fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́, nítorí ọba tó bá bá ìlú mulẹ̀ kò ní í lè kó ọrọ̀ jọ bó ṣe wù ú. Ẹ mọ̀ pé àwọn agégẹdú ń gbé owó wá, àwọn ìjòyè sì ń gbà á. Bí wọ́n bá lu ìlù ṣaworoidẹ nígbà tí irú ọba bẹ́ẹ̀ dé adé, orí fífọ́ ni yóò pa á.

Iṣẹ́ náà dára, a kò ní í purọ́. Olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Bàbá Ọ̀pálábà nìkan tó ohun tí ènìyàn ń torí ẹ̀ jókòó. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà tí kò kúrò lọ́kàn wa. Nígbà tí ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn ìyá wa ń mi orí, wọ́n ń dá a lóhùn lábẹ́ ètè. Àwa ń wo ìsàlẹ̀ fíìmù níbi tí wọ́n kọ Òyìnbó sí. Àwọn àbúrò wa kò tilẹ̀ wo ibẹ̀, wọ́n rò pé orin ijó ni. Bẹ́ẹ̀ ìlù yìí ni gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́! Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí yóò kàn rí ọkùnrin kan tí orí ń fọ́. Òyìnbó inú fíìmù gbìyànjú, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi lẹ́tà kọ ohùn ìlù? Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sọ Hausa sí wa nínú ilé nítorí pé ó yá, àwa náà tí a ń sọ Òyìnbó sí àwọn ọmọ tiwa, gbogbo wa la jọ pa ìlù yẹn lẹ́nu mọ́.

Ibi tí a ti ní àríyànjiyàn pẹ̀lú fíìmù náà ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣẹ́gun ìkà. Nínú ti àkọ́kọ́, ìlù ni. Nínú èkejì, agogo èèwọ̀ ni wọ́n fi búra kí àṣírí àwọn ìjòyè tó tú. Àwọn ọ̀dọ́ Jogbo pariwo, wọ́n jà, síbẹ̀ awo ló parí ẹjọ́. Bàbá wa kan pariwo láti ẹ̀yìn pé ìlù yẹn ló yẹ kí wọ́n gbé lọ sí Abuja. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní 12 oṣù Karùn-ún 2018, nígbà tí Kàdúná di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó fi ẹ̀rọ dìbò ìjọba ìbílẹ̀, mélòó nínú wa ló jáde? Ní ilé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, a mọ ẹni tó yẹ kí Arsenal yọ kúrò ní ìṣẹ́jú ọgọ́ta. A kò mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ àdúgbò wa.

A mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní àlejò kì í dá sí ọ̀rọ̀ onílé. Ẹ rántí wàhálà ọdún 2000, ẹ rántí èyí tó tẹ̀ lé ìbò ọdún 2011, nígbà tí a ti ilẹ̀kùn mọ́rí tí a ń ka iye ẹni tí kò tíì wọlé. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀, a bá yín bà á. Ṣùgbọ́n ìgbà wo la ó ṣe àlejò dà? Rashidi Yekini, ọmọ Yorùbá, Kàdúná yìí ni wọ́n bí i sí ní 1963, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún UNTL níbí kó tó lọ sí Shooting Stars ní Ìbàdàn. Ní 21 oṣù Kẹfà 1994, nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù sílé Bulgaria tó sì di àwọ̀n mú tó ń ké, òun ló jẹ gbólù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú ife àgbáyé. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi í lọ́jọ́ náà pé ìlú bàbá ẹ ńkọ́. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 wo òbí àti òbí àgbà kó tó pe ènìyàn ní ọmọ ìpínlẹ̀ kan, ìyẹn sì dùn wá. Ìdìbò kò wo ìyẹn: ẹni ọdún 18 lè forúkọ sílẹ̀ níbi tó ń gbé. Káàdì tí ọ̀pọ̀ nínú yín tọ́jú sí Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlá, ta ló ń ṣiṣẹ́ fún?

Ọmọ kékeré kan, kò lè ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, béèrè lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí Lápité kò fẹ́ búra. Hausa ló fi béèrè. Ìyá àgbà fi Hausa dá a lóhùn pé olè ni, ó sì yí padà sí wa, ó fi Yorùbá sọ pé kí a tún ibi tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀ ṣe kí òun túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ òun. A dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Iná lọ ní ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Lọ́dún yìí a ti tọ́jú epo jẹnẹrétọ̀. A ó fi pátákó bo Òyìnbó ìsàlẹ̀ yẹn. Ìyá àgbà ti ṣèlérí pé iwájú ni òun yóò jókòó.